Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Wa Kò Rí

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò tí a ń yà lóde ìgbéyàwó tàbí níbi ìsọmọlórúkọ. Fọ́tò kan wà tó jẹ́ pé nínú rẹ̀, ewé tó tutù yọ̀yọ̀ á funfun báláú, òfuurufú ọ̀sán gangan á ṣú dùdù, omi odò á dúdú, ìkùukùu á sì yọ gedegbe láàárín òkùnkùn yẹn. Infrared ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán ti rí i lórí fóònù wọn, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Rárá o. Oòrùn tó ń ràn lé wa lórí lójoojúmọ́ ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí a tó dáyé.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí àmì ìmọ́lẹ̀ yìí ni William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí wọ́n bí ní Hanover ní ilẹ̀ Jámánì, tó sì wá ń gbé ní Slough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1800, ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìtànṣán oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó wá ń fi tẹmómítà wọn bí ooru àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Ó gbé tẹmómítà kan kọjá ibi tí àwọ̀ pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ojú ọmọ ènìyàn ni kò lè gbà á. Bí a bá wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ohun tí ojú wa ń gbà kò ju láti nǹkan bí 400 nánómítà dé 700 lọ. Nánómítà kan sì nìyí: ká pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ká mú ẹyọ kan níbẹ̀. Láti 700 sí nǹkan bí 1,000 ni àwa tí a ń ya infrared ti ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n yọ ẹ̀gún kan lẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò infrared kì í ṣe fọ́tò ooru ara. Ẹ rántí ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì nígbà àrùn kòrónà. Ooru tí ara wa fúnra rẹ̀ ń tú jáde ni ìyẹn ń kà, ìgbì rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gùn ju èyí tí kámẹ́rà wa ń gbà lọ. Bí oòrùn bá wọ̀, tí kò sí iná, òkùnkùn ni kámẹ́rà infrared náà yóò bá pàdé.

Kí ló wá dé tí ewé fi ń funfun? Ewé ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa, ó ń gba búlúù, ó ń fi wọ́n se oúnjẹ rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbà, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ yẹn fi ń padà bọ̀ sójú wa. Infrared kò wúlò fún un rárá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á kọjá lára èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀, á wọ inú lọ, á máa ta kiri láàárín àwọn àlàfo kéékèèké tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á sì tún padà jáde. Ewé tí ara rẹ̀ le ló ń dá a padà jù. Òfuurufú ní tirẹ̀ kì í tú infrared ká bó ṣe ń tú búlúù ká, nítorí náà ó máa ń ṣú. Ohun kan náà ni àwọn sátẹ́láìtì ń lò láti mọ oko tí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ ń ṣe dáadáa. NigeriaSat-1, tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sókè ní 2003, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà rẹ̀ fi wo ilẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́: aláwọ̀ ewé, pupa, àti infrared. Ìjọba ti ń ya infrared tipẹ́. Àwa ayàwòrán ló kù.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú fọ́tò yìí jáde fún aráyé ni Robert Williams Wood, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore. Ní 1910 ni. Igi funfun lábẹ́ òfuurufú dúdú, bí mo ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe funfun tí ewé ń funfun nínú fọ́tò wọ̀nyí. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ibo ni òun ó ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Kó kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà, kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kó sì máa wo ojú kámẹ́rà náà. Iná kékeré kan á tàn lẹ́nu rìmóòtù, èyí tí ojú lásán kò rí. Infrared nìyẹn. Bí iná náà bá mọ́lẹ̀ dáadáa, kámẹ́rà yẹn ń gbà á. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, a jẹ́ pé gíláàsì tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà fi bo sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lè rí infrared dé nǹkan bí 1,100 nánómítà, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá dí i, àwọ̀ fọ́tò ojoojúmọ́ á dàrú, awọ ara àti aṣọ kò ní jọ ara wọn mọ́.

Ọ̀nà tó dínwó jù ni kí ẹ ra fílítà kan tí ẹ ó máa yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Hoya R72, tó ń lé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan bí 720 nánómítà padà. Bí ẹ bá gbé e sókè wò, dúdú ni, ojú yín kò ní ríran gbà á kọjá. Nítorí náà, ẹ gbé kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kí lẹ́ǹsì mú un ketekete, lẹ́yìn náà kí ẹ tó yí fílítà mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò pọ̀, nítorí fílítà ń lé èyí tí ojú ń rí, gíláàsì inú kámẹ́rà sì ń dí èyí tí ojú kò rí. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gan-an, ẹ lè nílò láti ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ewé á ru. Bí ènìyàn bá kọjá, kò ní hàn, tàbí kó hàn bàìbàì. Àwọn kan ka èyí sí ìyọnu. Èmi kà á sí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fi sùúrù dúró ti fọ́tò kan ṣoṣo báyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ibi tó gbé kámẹ́rà sí kó tó tẹ bọ́tìnì, ìrònú yẹn sì ni mo fẹ́ kó kọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ mú kámẹ́rà àlòkù kan, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yọ gíláàsì inú rẹ̀ kúrò, kó fi fílítà infrared rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, infrared nìkan ni kámẹ́rà yẹn á máa yà, ẹ ó sì lè gbé e lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń gbé èyíkéyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi sukudiráífà tú u fúnra yín. Iná fíláàṣì ní ohun kan nínú tó ń tọ́jú iná mànàmáná, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún fólítì sì lè wà níbẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ bátìrì. Ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá gidi.

Fún àwọn tó ṣì ń fi fíìmù yàwòrán, Rollei Infrared 400 àti Ilford SFX 200 ni orúkọ tí wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. HIE ti Kodak, tí àwọn àgbà ayàwòrán fẹ́ràn jù, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2007.

Ẹ ó bá ìṣòro kan tàbí méjì pàdé. Infrared kì í tẹ̀ nínú lẹ́ǹsì bí ìmọ́lẹ̀ lásán ṣe ń tẹ̀, nítorí náà ohun tó hàn ketekete lójú yín lè ṣàìhàn ketekete nínú fọ́tò. Àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ ní àmì pupa kékeré kan tó ń sọ ibi tí ẹ ó yí i dé. Àwọn lẹ́ǹsì mìíràn sì wà tó máa ń gbé òbìrìkìtì funfun sí àárín fọ́tò. Ẹ yẹ lẹ́ǹsì yín wò kí ẹ tó gbé e lọ sóde. Bí ẹ bá ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, òbìrìkìtì yẹn sábà máa ń dínkù. Ní ti àwọ̀, gbogbo fọ́tò tí ẹ bá kọ́kọ́ yà á pọ́n kuku. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí koríko tútù nínú oòrùn, ẹ fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n funfun rẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú fọ́tò yín ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Bí ẹ bá fi fílítà 720 yà á, ẹ lè fi Photoshop pààrọ̀ pupa àti búlúù, òfuurufú á padà di búlúù, ewé á sì wà ní funfun tàbí kó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Bó bá jẹ́ fílítà 850 ni, àwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, dúdú àti funfun nìkan ni.

Ohun kan wà tó yẹ kó dùn mọ́ àwa tí oòrùn ń pa nínú. Wọ́n ti kọ́ gbogbo ayàwòrán pé aago méjìlá ọ̀sán kò dára, pé kó dúró de ìrọ̀lẹ́. Infrared fẹ́ ọ̀sán yẹn. Ìgbà tí oòrùn bá wà lókè tán, tí ìkùukùu funfun díẹ̀díẹ̀ sì wà lókè, pàápàá lẹ́yìn òjò tó fọ ewé mọ́, ìgbà náà ni iṣẹ́ yá. Nígbà ọyẹ́, ẹ má retí pé infrared á la inú eruku yẹn kọjá. Ó máa ń la kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bo òkè ọ̀nà jíjìn kọjá, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ tóbi jù fún un.

Ẹ̀yin ará, ibi tó wù mí jù lọ láti sọ ni mo dé yìí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá ní kámẹ́rà infrared, inú rẹ̀ á máa dùn, gbogbo igi tó bá rí ni yóò yà. Fọ́tò rẹ̀ á rẹwà lóòótọ́: igi kan ṣoṣo láàárín pápá, ó funfun, òfuurufú ṣú, ìkùukùu yọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò Wood nìyẹn, ti 1910. Fílítà ló yà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ra irú fílítà yẹn, tó lọ sí irú pápá yẹn lọ́sàn-án, á bá fọ́tò yẹn níbẹ̀. Ọwọ́ tí a fi ń mọ iṣẹ́ ayàwòrán kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn kì í ti ibẹ̀ wá. Ó ń ti ara ìdáhùn sí ìbéèrè kan wá: kí ni ìmọ́lẹ̀ yìí fi hàn nípa ohun tí mo ń yà, tí ìmọ́lẹ̀ lásán kò fi hàn?

Ẹ wo Simon Marsden, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 2012. Ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ló fi ń ya ààfin àwókù àti ilé ńlá tí wọ́n ti pa tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áílándì, àwọn ibi tí ará àdúgbò ń sọ pé iwin ń gbé. Kò fi infrared ṣe ọ̀ṣọ́. Ewéko tó wà láàyè ló ń bo ògiri tó ti kú níbẹ̀, nínú fíìmù infrared sì rèé, ohun tó wà láàyè yẹn gan-an ló ń dà bí òkú tó jí dìde. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mu, kò sì yẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní 1964, Mikhail Kalatozov ará Soviet ṣe sinimá kan ní Kúbà, *Soy Cuba*, Sergey Urusevsky ló di kámẹ́rà mú. Wọ́n lo fíìmù infrared fún àwọn ibì kan nínú rẹ̀. Bí sinimá náà ti bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ń fò bọ̀ lókè etíkun, gbogbo igi ọ̀pẹ ilẹ̀ náà funfun. Nígbà tó yá, a tún rí oko ìrèké, ìrèké funfun lábẹ́ òfuurufú dúdú, àti àgbàlagbà kan tó ń bẹ́ ẹ. Inú irú oko yẹn ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí, láti lọ ṣe ẹrú. Èmi kò lè wo ìrèké yẹn kí ọkàn mi má lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí á sọ pé oko tó dára ni. Infrared ti gba ewé tútù lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ àti oòrùn ló ṣẹ́kù.

Ẹnì kẹta ni Richard Mosse, ọmọ Áílándì. Láti 2010 ló ti ń lọ sí ìlà-oòrùn Kóńgò, níbi tí ogun kò ti tán, tòun ti Aerochrome ti Kodak, fíìmù infrared aláwọ̀. Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fún láyé àtijọ́, kí wọ́n lè fi í dá ọ̀tá tó fi ọ̀dà àti ewé gbígbẹ bo ara mọ̀ láti inú bàálù, nítorí ewé tó wà láàyè nìkan ló ń pọ́n nínú rẹ̀. Mosse gbé e wá sílẹ̀. Gbogbo òkè Kóńgò pọ́n, àwọn jagunjagun dúró nínú rẹ̀ tìbọn tìbọn. Ní 2013, ó fi iṣẹ́ náà ṣojú Áílándì níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice, orúkọ tó fún un ni *The Enclave*. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó gba ẹ̀bùn fọ́tò Deutsche Börse. Àwọn kan bínú sí i pé ó fi àwọ̀ tó wu ojú bo ìyà ọmọ ènìyàn. Ìbínú wọn ní ìdí, kò sì yẹ kí ayàwòrán kankan gbọ́ ọ kó gbójú fò ó. Síbẹ̀ èmi gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe: fíìmù tí wọ́n ṣe láti tú ohun tó fara pamọ́ síta ló fi ya ogun tí aráyé ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìtàn fíìmù náà wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wá fi kọ̀ǹpútà kun oko tirẹ̀ ní irú pupa yẹn lónìí, àwọ̀ nìkan ló mú, ìtàn yẹn kò tẹ̀ lé e.

Ní tiwa ńkọ́? Ohun méjì ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbé yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni awọ ara wa. Èròjà tó ń mú awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ gba infrared bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ lásán. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjú kámẹ́rà infrared sí ojú ọmọ Yorùbá tó dúdú minimini, ojú náà á pọ́n, á máa dán bí ẹni fi wàrà pa á, ẹyin ojú nìkan ni yóò dúdú. Ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìpara bó ara wọn, mi ò rò pé ó yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Mi ò sọ pé kí ẹ má ya ènìyàn. Mo ní kí ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó yà á, kí ẹ fi fọ́tò náà hàn án, kí ó mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ yìí ń ṣe sí ara òun. Ní tèmi, mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn dúró síwájú oòrùn, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ara rẹ̀ ṣú láàárín ewé funfun. Ẹlòmíràn lè yan ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá yan ọ̀kan tó sì mọ ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọwọ́ tirẹ̀.

Ìkejì ni àdìrẹ. Aró búlúù tí àwọn ìyá wa ń rẹ aṣọ sí ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa gidi, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ inú infrared dáadáa, kì í gbà á mọ́, ṣe ló ń dá a padà. Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ èyí. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá aró yìí mọ̀ láàárín àwọn búlúù yòókù. Ẹ wá fojú inú wo Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Ẹ ta á sórí okùn nínú oòrùn, ẹ fi fílítà 850 yà á. Ibi tí ẹ̀kọ dí àti ibi tí aró mu á fẹ́rẹ̀ẹ́ di bákan náà, ọnà tí ìyá àgbà fi ìyẹ́ adìẹ ya kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí á ṣá, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ bọ́ fílítà náà kúrò, ẹ fi kámẹ́rà lásán ya aṣọ kan náà láti ojú kan náà. Ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ tó ń kú lọ, nípa ohun tí à ń rí àti ohun tí a kò rí nínú làálàá àwọn ìyá wa. Kò sí ọmọ Baltimore tàbí ọmọ Áílándì tó máa bá yín ronú kan èyí.

Àdìrẹ ọjà òde òní kì í ṣe ọ̀kan náà o. Èyí tí wọ́n fi aró ilé iṣẹ́ ṣe lè ṣe ohun mìíràn pátápátá lábẹ́ fílítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ dúdú tí a ń wọ̀ lọ síbi òkú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń funfun nínú infrared. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ kankan kalẹ̀, ẹ kó oríṣiríṣi aṣọ jọ sínú oòrùn ọ̀sán kan, èyí tí ẹ mọ aláró tó rẹ ẹ́ àti èyí tí ẹ rà lọ́jà, kí ẹ ya gbogbo wọn pẹ̀lú fílítà kan náà, kí ẹ kọ orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ fílítà títí ọdún á fi yí po, kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lè kọjá lójú rẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ìyá aláró, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ béèrè ewé tí wọ́n fi ṣe é àti iye ìgbà tí wọ́n rì í, kí ẹ tó yọ kámẹ́rà jáde nínú àpò.